Bísí, mo ti ra kẹ̀kẹ́

Ọ̀bá-Ilé,
Àkúrẹ́.

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Kánò? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Tiwa ò burú níbí, a dúpẹ́. Òjò ti dé, ọ̀nà àdúgbò wa sì ti padà sí bí o ṣe mọ̀ ọ́n.

Má rẹ́rìn-ín o: mo ti ra kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe ti Márúwá, èyí tí à ń fẹsẹ̀ wà gan-an ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni owó ọ̀kadà láti ilé mi dé ilé-ìwé wa ní Ìjàpọ̀ ti ń jẹ owó oṣù mi bí ikán ṣe ń jẹ igi. Mo jókòó ṣírò ó lálẹ́ ọjọ́ kan, àlọ àti àbọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. N ò parí ìṣirò náà tí mo fi pa ìwé dé.

O ní kí n rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé wọ́n á gbé e wá bá mi nílé. Mo rò ó. Ṣùgbọ́n inú páálí ni wọ́n ń gbé e wá, pẹ́dà lọ́tọ̀, ọwọ́ lọ́tọ̀, táyà iwájú lọ́tọ̀. Ta ni yóò bá mi tò ó? Bàtà lásán tí mo bá rà láìwọ̀ ọ́ wò, ṣe ló máa ń há mi lẹ́sẹ̀.

Ọjà Ọba ni mo kọ́kọ́ lọ. Kẹ̀kẹ́ ọmọdé ni wọ́n so kọ́ káàkiri. Ṣọ́ọ̀bù méjì péré ni mo rí tó ní ti àgbàlagbà, ọ̀kan sì gbé kẹ̀kẹ́ dúdú gíga kan jáde, tó jọ Raleigh tí bàbá mi máa ń gbé lọ sóko kòkó. Ṣé o rántí ẹ̀? Abẹ́ irin àárín ẹ̀ la máa ń ki ẹsẹ̀ kan bọ̀ láti wà á, tí gbogbo ara á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí akàn. Mo fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ yẹn, àmọ́ pẹ̀lú orúnkún mi yìí, àti síkẹ́ẹ̀tì, níbo ni mo ti fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kọjá irin yẹn lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi?

Ọmọ kan ládùúgbò, akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, yá mi ní tiẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí n fi dán ara mi wò. Kẹ̀kẹ́ eléré ni, táyà ẹ̀ tínínrín. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́gbọ́n. Lọ́jọ́ kẹta, mo bọ́ sí kòtò kan, afẹ́fẹ́ jáde tán. Mo tì í dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà, ó gbé ẹnu ẹ̀rọ ẹ̀ wá, kò wọlé. Ẹnu tiúbù yẹn tín-ín-rín bíi bírò, ti mọ́tò àti ti ọ̀kadà sì nípọn jù ú lọ. Ohun kékeré kan wà tí wọ́n ń dé sí i lórí kó lè gbà, àmọ́ ẹni mẹ́ta ni mo bi, kò sẹ́ni tó ní in. Mo ti kẹ̀kẹ́ délé nínú oòrùn. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá rí kẹ̀kẹ́ kan, ẹnu tiúbù ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, kí n tó wo àwọ̀. Èyí tí fọkanáísà ìdí ọ̀nà lè géèjì ni mo fẹ́.

Ẹ̀bá ọ̀nà Oǹdó ni mo ti wá rí èyí tí mo rà, níbi tí wọ́n kó tòkúnbọ̀ jọ gègèrè. Ọmọkùnrin tó ń tà á fa ọ̀kan yọ: “Mọ́mì, ẹ wo èyí, gíà 21 ló ní, sọ́ọ̀kì wà níwájú ẹ̀.” Mo gbé e sókè, ó wúwo bí àpò gàrí. Sọ́ọ̀kì olówó pọ́ọ́kú, ìwúwo ló ń fi kún un. Mo ní kó bá mi fa aláwọ̀ ewé kan tó wà nísàlẹ̀ yọ, tí irin àárín ẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀. Ó wò mí bíi pé mo fẹ́ ra aṣọ òkú.

Mo jókòó lé e, ọmọ náà bá mi dì í mú. Mo gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ mi nà tán. Mo wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, orúnkún mi sì ká díẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Tí ìjókòó bá lọ sílẹ̀ jù, orúnkún ló máa jìyà ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ga ju ìjókòó lọ, mi ò ní tẹ̀ lé e lórí bí ẹni ń gbálẹ̀. Mo di bíréèkì iwájú mú, mo tì í síwá sẹ́yìn, kò mì. Mo yí táyà ẹ̀yìn, ó ń mì sọ́tùn-ún sósì díẹ̀, àmọ́ sípóòkù tó dẹ̀ ni. Mo wo ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, kò sí èyí tó sán. Irin ni, kì í ṣe alumínọ́mù, èyí sì tẹ́ mi lọ́rùn, torí wẹ́dà àdúgbò wa lè jó irin, àmọ́ kò lè fọwọ́ kan alumínọ́mù. Gíà mẹ́fà ló ní lẹ́yìn, ìyẹn tó mi fún òkè Àkúrẹ́ wọ̀nyí.

₦110,000 ló pè é. A nà á títí, mo san ₦85,000, mo sì tún fi ₦9,000 ṣe bíréèkì àti ṣéènì.

Ìjókòó nìkan ló yọ mí lẹ́nu. Mo ní kí oníṣọ́fà bá mi fi fóòmù rírọ̀ bò ó, ó sì bò ó bọ̀rọ̀kọ̀tọ̀. Kò tó ọjọ́ méjì, itan mi ti bó. Mo tú fóòmù náà dànù, ìjókòó líle tó bá a wá ló wá tù mí lára jù. Ta ló mọ̀?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ mí ní “Ìyá Oníkẹ̀kẹ́”. N kì í dá wọn lóhùn.

Jọ̀ọ́, bá mi wá agogo kẹ̀kẹ́ lọ́jà Kánò, èyí tí a ń fi àtàǹpàkò tẹ̀, kó o fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé. Ẹnu ni mo fi ń pariwo fún àwọn ewúrẹ́ Ọ̀bá-Ilé báyìí, wọn kì í sì í yà. Má ra èyí tó ní òdòdó lára o.

Bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Délé rẹ.