Ẹ yí nọ́ńbà padà lábẹ́ macro wa, ẹ ò sì sọ fún wa

Ẹ̀yin ọ̀gá níléeṣẹ́ sọ́fítíwià,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹta rèé tí lábù wa ti ń ra láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ yín, dọ́là la sì fi ń san án, látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023 ni sísan ẹ̀ ti ń ni wá lára gan-an. Iṣẹ́ oògùn ibà là ń ṣe.

Ohun tó jẹ́ ká ra tiyín ni pé ẹni tẹ́ ẹ rán sí wa sọ pé Excel àti sọ́fítíwià yín jọ ń sọ̀rọ̀, pé ohun tí sọ́fítíwià ò bá ṣe, kéèyàn fi macro, ìyẹn àṣẹ téèyàn kọ sínú Excel kó lè máa dá ṣiṣẹ́, ṣe é. Mo gbà á gbọ́. Odindi oṣù mẹ́ta ni mo fi fi VBA, èdè tí wọ́n fi ń kọ macro, kọ ọ́, màá to mólékù sí kọ́lọ́mù A, macro á máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní kí sọ́fítíwià yín dock ẹ̀, ìyẹn kó fi kọ̀ǹpútà wo bó ṣe máa so mọ́ra, sínú DHFR, protein kan tó wà lára kòkòrò ibà. Àwòrán méjì la ń lò, 1J3I tí ò tíì yí padà àti 1J3K tó ti yí níbi mẹ́rin tí pyrimethamine, oògùn ibà kan, ò fi mú un dáadáa mọ́. Macro á wá kọ agbára ìsomọ́ra wọn sí kọ́lọ́mù D, èyí tó bá wálẹ̀ ju -8 lọ, ìyẹn tó so mọ́ ọn dáadáa, á di àwọ̀ ewé. Òru kan ṣoṣo, mólékù 340, tíná bá wà. Tí ò bá sí, jẹnẹrétọ̀.

Ẹ wá gbé ẹ̀yà tuntun dé, ẹ ní àfi Office 64-bit. A yí i. Bí mo ṣe ṣí fáìlì mi ló ní "The code in this project must be updated for use on 64-bit systems". Ìyẹn ò bí mi nínú jù, mo tún kóòdù náà ṣe fún 64-bit, mo fi PtrSafe sí gbogbo Declare, mo sọ Long tó ń gbé pointer di LongPtr, ọjọ́ méjì lọ sí i, ó tán. Bí Excel ṣe máa ń sọ 1E12 tó jẹ́ orúkọ protein di 1.00E+12 náà, mo mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ yín kọ́, mo ti sọ kọ́lọ́mù yẹn di Text tipẹ́.

Èyí tó dùn mí rèé. Nígbà tí macro ṣiṣẹ́ tán láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ẹ̀ ló di àwọ̀ ewé, gbogbo 340! Inú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ dùn, wọ́n ti mú méjìlá nínú ẹ̀, wọ́n ti ń bèèrè iye tí kẹ́míkà ẹ̀ jẹ́. Èmi ò lè jókòó. Mo lọ wo pyrimethamine, ọdún méjì ló ti ń fún wa ní -8.1, ó di -33.9. Mo fi fóònù pín in síra, ó jáde ní bíi 4.185, bẹ́ẹ̀ kJ 4.184 ló wà nínú kcal kan. Ẹ ti gbé e kúrò ní kcal lọ sí kJ, ìwọ̀n agbára méjì tó yàtọ̀ síra, bẹ́ẹ̀ kcal ni -8 tí mo fi ṣe ààlà! Orúkọ fọ́ńṣọ̀n tí macro mi ń pè ò yí padà, orí kọ́lọ́mù ṣì ń jẹ́ "Energy" lásán, mo ka ìwé àlàyé ẹ̀yà tuntun yín látòkè délẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀ níbẹ̀.

Mo kọ ìmeèlì sí yín, ẹ ní ẹ kì í dá sí macro tí oníbàárà bá kọ fúnra ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, macro mi ò ṣẹ̀. Ó ní kẹ́ ẹ fún òun ní nọ́ńbà, ẹ̀yin lẹ fún un ní òmíràn. Àbí torí macro kọ́ lẹ ṣe tajà fún wa ni?

Ẹ dá fọ́ńṣọ̀n àtijọ́ padà sí kcal, kẹ́ ẹ fún ti kJ lórúkọ tiẹ̀. Ẹ kọ unit sórí kọ́lọ́mù. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tá a pàdánù kún láísẹ́ǹsì wa. Èyí tó sì ká mi lára jù, ẹ kọ̀wé sí gbogbo oníbàárà yín lọ́sẹ̀ yìí, torí ẹni tí ò bá fi oògùn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ sáàárín tiẹ̀ ò ní mọ̀ rárá, á kàn lọ ra kẹ́míkà ni.

Mo so fáìlì méjèèjì mọ́ lẹ́tà yìí, ti àtijọ́ àti tuntun. Ẹ wo ìlà 17, pyrimethamine ló wà níbẹ̀.