Ẹran wo ni yóò kọ́kọ́ wọ àgbá?

Òkè-Balógun,
Ẹ̀pẹ́.

Fọlákẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú ilé o, ìwọ àti bàbá Tòbí àti àwọn ọmọ. Ẹrù tí o fi ránṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń fi fáànù ṣọ́ ooru iná nínú àgbá tí mo fẹ́ máa fi yan ẹran, ti dé ọwọ́ mi láìfọ́, láìya. Bá mi dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kàn án títí ó fi dé ilé wa. Àwọn ọmọ ti sọ páálí rẹ̀ di mọ́tò. Ìyá mi gbé fáànù rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní, "Èyí tí kò tó àwo ọbẹ̀ yìí ni yóò máa bá ọ ṣọ́ iná?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé e sílẹ̀.

O bi mí lórí fóònù pé kí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ yan, mo ní kí o jẹ́ kí n kọ ọ́ sí ọ, torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò jẹ́ ká sọ̀rọ̀ délẹ̀. Gbogbo ẹni tó rí ẹ̀rọ yìí ló ti bá mi yan ẹran. Ìwọ ní igẹ̀ màlúù. Ìyá mi ní ẹja. Àbúrò mi ọkùnrin ní adìyẹ, nítorí òun fẹ́ kí oúnjẹ tètè délẹ̀. Mo ti gbọ́ ti gbogbo yín. Apá àgbò ni mo máa kọ́kọ́ yan, jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi fún ọ.

Mo mọ̀ pé ní Texas níbi tí o wà, igẹ̀ ni ọba ẹran. O ti sọ fún mi nípa ìlú Lockhart níbẹ̀, bí èrò ṣe ń tò láti àárọ̀ nítorí igẹ̀ yíyan. Ṣùgbọ́n igẹ̀ tọ̀hún àti ti ibí kì í ṣe ẹgbẹ́. Màlúù yín dúró sójú kan, wọ́n ń bọ́ ọ ní àgbàdo títí ọ̀rá fi wọ àárín ẹran rẹ̀. Màlúù funfun tó ń dé ọ̀dọ̀ alápatà wa ti fi ẹsẹ̀ jẹko káàkiri Òkè Ọya kó tó gun ọkọ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Iṣan ló ní, ọ̀rá rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ gbé irú rẹ̀ sínú ooru fún wákàtí 12 sí 16 tí ẹ fi ń yan odidi igẹ̀, kò sí ohun tó máa dá gbígbẹ rẹ̀ dúró. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ta ni yóò gé odidi igẹ̀ fún mi ní Ẹ̀pẹ́? Àáké ni alápatà wa fi ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ní kó má ṣe é wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á rò pé mo fẹ́ lọ máa tà á ni. Ẹran tó ń gba òru mọ́jú kò sì yẹ ẹ̀rọ tí n kò tíì mọ ìwà rẹ̀. Bí iná bá kú ní aago mẹ́ta òru, èmi pẹ̀lú ẹ̀fọn la jọ máa wà níbẹ̀.

Ti ẹja ló gba àlàyé, nítorí mo ní láti fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí ìyá mi ti wà ní ọmọge ni wọ́n ti ń yan ẹja, tí wọ́n ń tà á ní ọjà Olúwo. Epìyà, ọ̀bọ̀kún, àrọ̀, kò sí èyí tí wọn kò mọ irú iná tó ń fẹ́. Wọ́n á kàn fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ ara ààrò wò, wọ́n á ní, "Ẹ fa igi kan jáde níbẹ̀." Mo wá sọ fún wọn pé iṣẹ́ tí ààrò wọn ń ṣe kọ́ ni àgbá mi máa ṣe. Ẹja tí wọ́n ń yan, omi ni wọ́n fẹ́ kó jáde lára rẹ̀, kó lè pẹ́ lọ́jà. Ìdí nìyí tí ààrò wọn fi ṣí lókè tó ṣí nísàlẹ̀. Atẹ́gùn ń gba àárín rẹ̀ kọjá, ó ń gbé omi ara ẹja lọ. Àgbá tèmi, dídé ni. Ẹ̀rọ náà kì í jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé ju ìwọ̀nba tí iná ń fẹ́ lọ, ọ̀rinrin ẹran sì ń há síbẹ̀ pẹ̀lú ẹran. Ẹja inú rẹ̀ á jinná, á sì dùn, ṣùgbọ́n kò ní gbẹ. Kì í ṣe ẹja tí èèyàn lè pàtẹ. Ìyá mi gbọ́ mi parí, wọ́n ní ó yé àwọn, wọ́n wá fi kún un pé owó àgbò kì í ṣe ẹgbẹ́ owó ẹja. Wọn ò purọ́.

Adìyẹ kò burú, n ò ní tan ọ́. Bí ooru àárín itan rẹ̀ bá ti dé 165 lórí ìwọ̀n Fahrenheit (165°F), ó ti jinná, kò sí àríyànjiyàn. Àmọ́ ooru pẹ̀lẹ́ tí àgbá yìí wà fún kì í jẹ́ kí awọ adìyẹ pọ́n kó dún lẹ́nu. Ńṣe ló máa ń rọ̀ bíi rọ́bà. Kí awọ náà tó lè dára, èèyàn ní láti gbé ooru lọ sí 325°F, ní bíi wákàtí kan àtààbọ̀, adìyẹ àgíríìkì ti jinná. Ẹ̀rọ ò tíì rójú jókòó, a ti ń fọ àwo. Kí ni mo fẹ́ rí kọ́ nípa rẹ̀ níbẹ̀?

Nítorí kíkọ́ ni mo fi ṣe àkọ́kọ́ yìí, Fọlákẹ́. Mo ti ka ìwé pélébé tó bá a wá dáadáa, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì wù mí. Abẹ́rẹ́ gígùn kan ń wọn ooru inú àgbá, èkejì ń wọnú ẹran. Fáànù wà lẹ́nu ihò ìsàlẹ̀. Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé ńṣe ló kàn ń fẹ́ bí ooru bá lọ sílẹ̀, tó ń dákẹ́ bó bá gòkè. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta ló ń wò pọ̀: bí ooru ṣe jìnnà sí ibi tí mo ní kó wà, bó ti pẹ́ tó tó ti jìnnà bẹ́ẹ̀, àti bó ṣe ń yára tó bó ti ń bọ̀. Bó bá rí i pé ooru ń sáré gòkè, á ti dẹwọ́ fífẹ́ kí ooru tó dé ibi tí mo yàn. Ìyá mi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ṣe gbogbo èyí, wọn ò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n fífẹ́ nìkan ló mọ̀, kò mọ pípa. Bí èédú bá gbiná jù, fáànù á dákẹ́, ooru á sì máa gòkè lójú rẹ̀ títí iná á fi jẹ atẹ́gùn inú àgbá tán. Bí àgbá bá wá ní ojú mìíràn tí atẹ́gùn ń yọ́ gbà wọlé, ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára ẹ̀rọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí n dààmú wẹ́dà tó bá mi ṣe àgbá náà. Àgbá tó gbé òróró rí ni mo rà, mo sì kọ èyí tí wọ́n fi síǹkì bò ní àkọ̀tán, torí èéfín síǹkì tó gbóná jù kò dára fún èémí èèyàn. A dáná ńlá sínú rẹ̀ ní òfìfo títí ọ̀dà àti òróró àtijọ́ fi jóná dànù. Ìdérí rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ ọn délẹ̀, mo ń fi amọ̀ tútù dí etí rẹ̀ ná. Amọ̀ ń ṣiṣẹ́ o, àfi pé ó ń sán bó bá gbẹ.

Mo ti dán abẹ́rẹ́ méjèèjì wò nínú omi híhó. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà la wà níbí, ilẹ̀ wa kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ, nítorí náà 212°F ló yẹ kí omi fi hó, ohun tí àwọn méjèèjì sì kọ nìyẹn. Ní ti iná mànàmáná, má ṣe ìyọnu. Ara ṣájà rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ó ń gba fólítì 100 dé 240, kò nílò kí a bá a rẹ iná ilé wa sílẹ̀. Fólítì 12 ló sì ń gbé jáde, iye kan náà pẹ̀lú bátìrì ọ̀kadà. Bátìrì ni mo máa fi sí i látìbẹ̀rẹ̀. N ò ní fi ẹran sọ́wọ́ àwọn tó ń múná lọ tó ń múná wá.

Kí ló wá dé tó jẹ́ apá àgbò? Ẹran tó ń ṣiṣẹ́ ni apá. Ẹran ń fi rìn, nítorí náà iṣan àti awọ tín-ín-rín pọ̀ láàárín rẹ̀, ọ̀rá náà sì wà níbẹ̀. Bí ooru pẹ̀lẹ́ bá bá a fún ìgbà pípẹ́, àwọn iṣan yẹn á yọ́. Ohun náà gan-an tó ń jẹ́ kí omi ẹsẹ̀ màlúù dì ni. Nítorí èyí, apá kì í bínú. Bí ooru bá gun 275°F fún ìgbà díẹ̀, kò ní bàjẹ́. Bó bá sọ̀kalẹ̀ sí 225°F kí n tó rí ohun tó ṣe é, kò ní bàjẹ́ náà. Ẹ̀yin tọ̀hún, apá ẹlẹ́dẹ̀ lẹ fi ń kọ́ ọmọ tuntun fún ìdí yìí kan náà. A kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ nílé wa, apá àgbò ló sún mọ́ ọn jù. Wákàtí bíi mẹ́fà sí mẹ́jọ ni mo fojú sí. Mo lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsùbáà kí n sì gbé e kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀rọ á sì ti rí àyè fi gbogbo ìwà rẹ̀ hàn mí.

Ìdí kejì ni ọdún Kayó-Kayó tí a ń ṣe ní Ẹ̀pẹ́. Lẹ́yìn Iléyá ni, ìwọ náà sì mọ bí ilé wa ṣe máa ń kún. Láti ìgbà tí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí oyè, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ ní 1851 ni àwa Èkó-Ẹ̀pẹ́ ti ní ìtàn tí a fi ń jẹun lọ́jọ́ náà, àwọn àlejò kì í sì í gbọ́ àwíjàre. Ẹran àgbò ló máa wà nílẹ̀. Bí mo bá fẹ́ gbé àgbá yìí síta lójú wọn, ẹran àgbò ló yẹ kí n ti mọ̀ ọ́n yan, kì í ṣe igẹ̀ tí n kò ní rí rà tàbí adìyẹ tí ẹnikẹ́ni kò ní kà sí.

Bí mo ṣe fẹ́ ṣe é rèé, kí o bá mi tún ibi tí kò bá tọ́ ṣe. Mo máa fi iyọ̀, ata gbígbẹ, atalẹ̀ àti aáyù pa á lára láti alẹ́. Mo máa kó èédú tútù kún agbọ̀n irin, kí n fi ẹyin iná díẹ̀ sí ojú kan ṣoṣo, kó máa jẹ lọ díẹ̀díẹ̀ láti ibẹ̀. Ihò ìsàlẹ̀ yòókù, dídí pátá. Ti òkè, mo máa ṣí i díẹ̀ báyìí kí èéfín lè rí ọ̀nà. Igi máńgòrò gbígbẹ méjì tàbí mẹ́ta, ó tó, torí iná tí a ń fi atẹ́gùn pamọ́ fún kì í jó igi dáadáa. Bí igi bá pọ̀, èéfín funfun tó nípọn á sọ ẹran di kíkorò. Abẹ́rẹ́ inú àgbá kò ní fara kan ẹran. Bó bá sún mọ́ ọn jù, òtútù ara ẹran á tan ẹ̀rọ jẹ, fáànù á sì máa fẹ́ bí ẹni pé iná ti kú. 250°F ni mo máa yàn.

Mo mọ̀ pé ní ibi bíi 160°F, ooru inú ẹran á dúró sójú kan, kò ní lọ, kò ní bọ̀. Omi tó ń jáde lára ẹran ló ń gbé ooru lọ bó ti ń gbẹ. O ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ ṣí ìdérí níbẹ̀, pé bí mo bá ṣí i, ooru á já wálẹ̀, fáànù á fẹ́ kíkankíkan, èédú á sì gbiná kọjá ààlà lẹ́yìn tí mo bá ti pa á dé. Mo gbọ́. Mo máa wé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwé pupa tí ẹ fi ń wé tiyín kò sí níbí, fóìlì ni tèmi, àmọ́ ìyá mi ní kí n kọ́kọ́ fi ewé mọ́ínmọ́ín wé e nínú kí fóìlì tó bò ó. Mo máa ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí wù mí ju gbogbo ìmọ̀ràn yòókù lọ. Bó bá ti dé 200°F tí abẹ́rẹ́ sì ń wọlé láìtakò, mo máa gbé e kúrò, kó sinmi fún bíi wákàtí kan kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àbúrò mi ni mo ń dọ́gbọ́n bá wí níbẹ̀ yẹn.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ kí o ṣe fún mi. Wá okùn tí kì í jóná tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀kùn sítóòfù onígi, èyí tó lè yí ìdérí àgbá ká, kí n lè sinmi amọ̀ pípò. Sì bi bàbá Tòbí léèrè ohun tí wọ́n ń fi bo ẹ̀rọ tiwọn bí òjò bá ń rọ̀, torí àsìkò òjò la wà yìí, ìkòkò àtijọ́ tí mo dojú rẹ̀ dé lé e kò wù mí.

Kí gbogbo ilé fún mi. Ìyá mi ń kí yín, wọ́n ní ọ̀bọ̀kún yín ti wà nílẹ̀, ẹni tó bá ń bọ̀ ni wọ́n ń retí. Àbúrò mi ní kí n kọ ọ́ síbí pé adìyẹ ni yóò tẹ̀ lé àgbò. Mo ti kọ ọ́, n ò sọ pé mo gbà.

Èmi ni tìrẹ,
Rìsíkátù