Kí Lo Pa Rẹ́, Ọmọ Mi?

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ọmọ àbúrò mi obìnrin nìkan ni mo fẹ́ kọ lẹ́tà yìí sí. Nígbà tí mo wá rí bí ẹ ṣe pọ̀ tó nídìí ohun tó ń ṣe, mo ní kí gbogbo yín kúkú jọ kà á. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Orúkọ gan-an lọ̀rọ̀ wà lé lórí.

Ẹni ọdún 22 ni. Fóònù ló fi ń ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: ta ló jẹ owó ta, ọkọ ta ló ń yọ́ jáde lóru. Oṣù méjì sẹ́yìn, ó gbé fọ́tò ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní òun ló kó owó àjọ àwọn ìyá ọlọ́jà sá lọ. Kì í ṣe òun. Orúkọ kan náà ni òun àti olè yẹn ń jẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n ti kó fóònù oníbàárà lọ, òun fúnra rẹ̀ sì ti fi ìlú sílẹ̀. Mo pe ọmọ mi. Ó ní, "Mo ti pa á rẹ́, Mọ́mì."

Láti ọjọ́ yẹn, gbólóhùn yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ó ti pa á rẹ́. Kí ló pa rẹ́?

Ọdún 35 ni mo fi ṣe ọlọ́pàá kí n tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 2014, ọ́fíìsì ìwádìí ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Torí náà, ẹ má rò pé mo wá sọ fún ọmọbìnrin pé kó má ṣèwádìí. Obìnrin mọ iṣẹ́ yẹn, mo rí i.

Ìwọ ọmọ mi, Kate Warne lo fi ṣe orúkọ lórí ojú ewé rẹ. Ìwọ lo sọ fún mi pé òun ni obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Mo lọ kà nípa rẹ̀, mo kà á títí ojú fi ń ro mí. Orúkọ rẹ̀ nìkan lo mú, o fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ayé Queen Victoria ni. Ní London, ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ọlọ́pàá dá sílẹ̀ lọ́dún 1842, ọkùnrin mẹ́jọ péré ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì di 1919 kí ọlọ́pàá ìlú náà tó gba obìnrin. Ṣùgbọ́n ní Chicago, lọ́dún 1856, opó kan tí kò ju nǹkan bí ẹni ọdún 23 lọ wọlé tọ Allan Pinkerton, ẹni tó ní ilé-iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni níbẹ̀. Ọkùnrin náà rò pé iṣẹ́ akọ̀wé ló wá. Kate ní rárá o, iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lòun fẹ́. Ó ní obìnrin lè wọ ibi tí ọkùnrin kò lè wọ̀, ó lè di ọ̀rẹ́ ìyàwó afurasí, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó bá ń fọ́nnu níwájú obìnrin kì í ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Pinkerton fi òru kan rò ó, ó sì gbà á.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí nìyí. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn èèyàn gbé owó láti ìlú dé ìlú, Adams Express, pàdánù dọ́là 40,000 ní Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Ọ̀gá ọ́fíìsì wọn níbẹ̀, Nathan Maroney, ni gbogbo ojú ń wò. Wọ́n mú un pàápàá. Ká ní ẹ̀yin ni, fọ́tò rẹ̀ ì bá ti dé ibi gbogbo kó tó di alẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ Pinkerton tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún mọ̀ pé ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Kate lọ sí Pennsylvania níbi tí ìyàwó ọkùnrin náà wà, ó yí orúkọ padà, ó ṣe bí aya ọkùnrin kan tó ń jìyà lẹ́wọ̀n nítorí ìwé ayédèrú. Kò béèrè ibi tí owó wà. Ó ń bá obìnrin náà rìn, ó ń bá a jókòó, ó ń gbọ́ ẹkún rẹ̀, ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Pinkerton mìíràn wà lẹ́wọ̀n pẹ̀lú Maroney, ó ń ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí owó náà jáde síta, dọ́là 39,515 ni wọ́n kà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni orúkọ Maroney tó di orúkọ olè, nígbà tí kò sí ẹni tó tún lè bi wọ́n pé ṣé ó dá yín lójú.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ẹ gbọ́? Ẹ̀yin kì í dúró kí omi hó.

Ẹ ó ní iṣẹ́ Baltimore ló gbé orúkọ rẹ̀ ga. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní February 1861, wọ́n gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ pa Abraham Lincoln, ààrẹ tí Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn, bó bá gba ìlú náà kọjá, Kate sì wà lára àwọn tó lọ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Òun ló gba ibùsùn nínú ọkọ̀ ojú irin ní Philadelphia, ó ní ẹ̀gbọ́n òun tí ara rẹ̀ kò yá ló fẹ́ lò ó. Lincoln ni ẹ̀gbọ́n náà. Lincoln dé Washington láàárọ̀ ọjọ́ 23. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lónìí lórí bí ọ̀tẹ̀ náà ṣe jinlẹ̀ tó, wọn kò sì gbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀mí là, wọ́n pa ẹnu mọ́.

Lọ́dún 1986, wọ́n mú ọmọ ọ̀dọ̀ kan wá sí téṣàn tí mo wà. Ọmọ ọdún 17. Ọ̀gá rẹ̀ ní ó jí góòlù òun. Mo wo bó ṣe ń gbọ̀n, mo ní, "Òun ni. Ẹni tí kò jalè kì í gbọ̀n báyìí." Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbọ́, títí kan ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níta. Ọjọ́ mẹ́rin lọmọ yẹn lò ní àhámọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọ̀gá rẹ̀ rí góòlù náà nínú ìró tó wà nísàlẹ̀ àpótí, níbi tí òun fúnra rẹ̀ fi í sí nígbà tó tòde ìyàwó dé. A tú ọmọ sílẹ̀. Mo fa ìlà sórí ẹjọ́ náà nínú ìwé. Èmi náà pa á rẹ́.

Ìyá rẹ̀ wá láti abúlé. Kò bú mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ṣé ẹ lè bá mi délé kí ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe ọmọ mi? Bí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní ìyá olè ló ń sọ̀rọ̀." Mo ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. N kò lọ. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ìdílé tó fẹ́ fẹ́ ọmọ náà ti ní àwọn kò ṣe mọ́.

Kí ló dé tí ẹ ò lè dúró? Ta ló ń lé yín? Ẹ má sọ fún mi pé àwọn èèyàn ló fẹ́ gbọ́. Ẹ má sọ fún mi pé ọlọ́pàá kò ṣe iṣẹ́ wọn. Ohun tí ọlọ́pàá kò ṣe, mo mọ̀ ọ́n jù yín lọ, mo wà níbẹ̀! Ṣé torí pé àwa ṣìṣe lẹ ṣe fẹ́ ṣe tiyín lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọmọ tí ẹ gbé fọ́tò rẹ̀ síta, ta ló pè é kí ẹ tó gbé e síta? Ta ló bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀? Ènìyàn mélòó ló ń jẹ́ orúkọ kan náà ládùúgbò kan ṣoṣo!

Ẹni tó rí irọ́ yẹn kò rí i nígbà tí o pa á rẹ́. Kò wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ má dá lọ bá àjèjì níbikíbi nítorí ìwádìí. Kate kò dá ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Maroney. Bí ẹ bá rí ẹ̀rí, ẹ tọ́jú rẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ mú àgbà kan dání lọ sí téṣàn. Bí inú bá ń bí yín, ẹ lọ sùn ná.

Ọjọ́ 28 January 1868 ni Kate kú, ó kéré sí ẹni ogójì ọdún. Iná ńlá tó jó Chicago lọ́dún 1871 jó púpọ̀ nínú ìwé ilé-iṣẹ́ wọn. Ní itẹ́ òkú Graceland tí wọ́n sin ín sí, wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ sára òkúta: Warn. Obìnrin tó ṣọ́ orúkọ ẹlòmíràn tó bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á.

Ọmọ àbúrò mi, mo ti lọ rí ìyá ọmọkùnrin náà. Mo sì ti bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́jọ àárọ̀, mo máa wà nílé yín. Wọ bàtà tó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn, torí ojúlé dé ojúlé la máa rìn láti ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn títí dé inú ọjà. Èmi ni màá kọ́kọ́ kí wọn, ìwọ á wá fi ẹnu ara rẹ sọ pé kì í ṣe òun. Fi fóònù sílẹ̀ nílé.

Èmi ni,
Mọ́mì yín