Ìkéde: Ẹ má da ègé aṣọ yín nù o!

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Sátidé yìí la ó pàdé, aago mẹ́wàá àárọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù wa l'Ókè-Fìà. Aṣọ ìbora tí wọ́n ń fi ègé aṣọ tò pọ̀ la fẹ́ bẹ̀rẹ̀, èyí tóyìnbó ń pè ní quilt (ẹni tó bá ti wo ẹ̀wù egúngún dáadáa ti mọ bó ṣe ń rí).

Ẹ kó ègé ànkárá àti àdìrẹ wá, tí ò bá sí nílé ẹ bi àwọn télọ̀ l'Ọjà Ọba, dànù ni wọ́n ń dà á. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ àdìrẹ aláró lọ́tọ̀ títí omi ẹ̀ á fi mọ́, torí mo ti rán an mọ́ funfun rí láìfọ̀ ọ́, ìgbà tí mo wá fọ̀ ọ́ gbogbo ẹ̀ di búlúù, inú bí mi!

Íńṣì 5 níbùú lóròó la ó gé, a ó fi ìdámẹ́rin íńṣì rán etí kọ̀ọ̀kan, á wá ku 4 àtààbọ̀. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n o, tí ègé kan bá fi díẹ̀ ju ìkejì lọ, tẹ́ ẹ bá tò ó dé ogún ègé, igun wọn ò ní pàdé mọ́. Áyọ́ọ̀nù náà, gbígbé lé e ni, ẹ má wọ́ ọ, wíwọ́ ló ń fa aṣọ.

Àwọn ìyá adúláwọ̀ ní Gee's Bend, Alabama, l'Amẹ́ríkà, aṣọ iṣẹ́ tó ti gbó ni wọ́n fi ṣe tiwọn tó fi dé mùsíọ́ọ̀mù, ẹ má sọ pé ẹ ò lówó aṣọ.

Ẹ mú sísọ́ọ̀sì tó mú, téèpù àti òwú ìránṣọ kọ́tọ̀nù dání. Máṣíìnì 3 péré la ní, ẹni tó bá tètè dé ló máa kọ́kọ́ lò ó.