Ẹ jẹ́ ká bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ká tó dá a lẹ́bi

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Láti ìgbà tí ChatGPT, ẹ̀rọ orí kọ̀ǹpútà tó lè bá ènìyàn kọ iṣẹ́, ti jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìfura ti wọ àárín àwa olùkọ́ yunifásítì àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọwọ́ tèmi náà kò sì mọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún.

Ní sáà tó kọjá, mo dá iṣẹ́ ọmọbìnrin kan padà nítorí pé ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ iṣẹ́ wò ní kì í ṣe ènìyàn ló kọ ọ́. Kò bá mi jiyàn. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo èyí," ó sì na ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ sí mi. Gbogbo iṣẹ́ náà ló wà níbẹ̀ tó fọwọ́ kọ, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ tó ti fa igi lé àti èyí tó fi rọ́pò wọn. Epo pupa tilẹ̀ ta sí etí ojú ìwé kan. Ojú tì mí, mo sì bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó máa ń kọ́kọ́ nawọ́ ní kíláàsì mi kò bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́ títí sáà fi parí.

OpenAI tó ṣe ChatGPT fúnra rẹ̀ ti kó irinṣẹ́ tirẹ̀ fún irú àyẹ̀wò yìí nílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2023, nítorí pé àṣìṣe rẹ̀ pọ̀ jù. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford yẹ irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ó ju ìdajì lọ nínú àròkọ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn tí àwọn ẹ̀rọ náà pè ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ta ni ìyẹn bá wí bí kò ṣe àwa tí wọ́n fi pàṣán kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, tí tiwa fi gan bí aṣọ tí wọ́n ti sítáàṣì?

N kò ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe màgòmágó. Àwa olùkọ́ náà wà tí a ń fi ChatGPT kan náà ṣe ìbéèrè ìdánwò. Ohun tí mo ń bẹ àwọn aláṣẹ fún ni pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí a gba máàkì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan, láìjẹ́ pé olùkọ́ pè é jókòó, kí ó sì bi í pé, "Kí lo fẹ́ sọ níbí yìí?"

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ kan, Ìbàdàn