Ọ̀RỌ̀ OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN: Nígbà Tí Odò Kérítì Gbẹ

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ kú ooru.

Ẹni tó bá ń pọn omi kànga ní Àkúrẹ́ mọ ohun tí oṣù Kejì máa ń fojú ẹni rí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ju korobá sínú kànga ẹ̀yìnkùlé ilé pásítọ̀, mo gbọ́ “gbàgà” lórí àpáta. Ẹrẹ̀ pupa díẹ̀ àti ewé máńgòrò kan ni mo fà jáde. Mo dúró síbẹ̀, okùn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ Èlíjà sì sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹ ka Àwọn Ọba Kìíní, orí 17. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní kí Èlíjà lọ fara pamọ́ sétí odò Kérítì. Kò ṣìnà, kò dẹ́ṣẹ̀. Síbẹ̀ odò náà gbẹ. Ẹsẹ 7 ò fepo bọyọ̀: òjò kò rọ̀. Ọ̀dá tí Èlíjà fẹnu ara rẹ̀ kéde ló gbẹ odò tó ń mu. Ìdí nìyí tí ara mi kì í fi í gba ìwàásù tó ní ẹni tí nǹkan ò ṣẹnuure fún ni kò nígbàgbọ́.

Ta ló sì ń gbé oúnjẹ wá fún Èlíjà kí odò náà tó gbẹ? Ẹyẹ ìwò, ẹyẹ tí Léfítíkù 11 kà mọ́ ohun àìmọ́. Tó bá jẹ́ èmi ni, bóyá mo ti lé e dànù. Lẹ́yìn náà, Sáréfátì ni Ọlọ́run rán an lọ, nílẹ̀ Sídónì, níbi tí wọ́n ti bí Jésíbẹ́lì tó ń pa àwọn wòlíì. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Ọ̀dọ̀ opó tí ìyẹ̀fun ẹ̀kúnwọ́ kan kù fún ló lọ. Ọlọ́run ò sì kó àpò ìyẹ̀fun jọ sí yàrá obìnrin náà o. Ìkòkò kan náà ló ń ki ọwọ́ bọ̀ lójoojúmọ́, tó ń bá a níbẹ̀. Mo rò pé àyà rẹ̀ á ṣì máa já lálaalẹ́ tó bá yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò.

Èmi náà ti rí ìwò tèmi. Nígbà tí a ń gbé ní Ọ̀bà-Ilé, a ò lówó omi tánkà. Aládùúgbò tí a ti bá jà nítorí adìẹ (adìẹ tiwa ló jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀, mo gbà) ló kanlẹ̀kùn ní aago márùn-ún ìdájí pé òun ti tan ẹ̀rọ, ká gbé kẹ́ẹ̀gì wá. Ojú tì mí. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ la pọn, kò gba kọ́bọ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀dá ilé ẹlòmíràn kì í ṣe ti omi. Owó ilé-ìwé ni, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, owó ọkọ̀ láti Ọjà Ọba délé ni, látìgbà tí epo bẹntiróòlù ti gbówó lórí ní 2023. Mi ò ní sọ fún yín pé ọ̀la ni yóò tán. Ọ̀dá ìgbà Èlíjà gba ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́fà, gẹ́gẹ́ bí Jésù ti sọ nínú Lúùkù 4:25.

Ẹ̀rọ omi ìjọ yóò máa ṣiṣẹ́ láago mẹ́fà àárọ̀ títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì wá, ẹ sọ fún àwọn ará àdúgbò pẹ̀lú. Ẹni tí ẹ̀kúnwọ́ kan bá sì kù nínú ìkòkò rẹ̀, kó wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Mi ò ní dárúkọ ẹnì kankan lórí pẹpẹ.