Kubica kì í ṣe àpẹẹrẹ ẹni tó kùnà

Olótùú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Ohun tẹ́ ẹ gbé sójú ìwé eré ìdárayá yín ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí, níbi tẹ́ ẹ ti ní awakọ̀ eré ìje tó bá ti fara pa yánnayànna ò lè ṣe nǹkan gidi kan mọ́, tẹ́ ẹ wá fi Robert Kubica, awakọ̀ ọmọ Poland, ṣe àpẹẹrẹ, pé ó padà sí Formula One, ìyẹn eré ìje mọ́tò tó ga jù lágbàáyé, lọ́dún 2019, póìntì kan ṣoṣo ló rí gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, torí póìntì kan yẹn lẹ rí, ẹ ò wo ibi tí ọkùnrin náà ti ń bọ̀.

February 6, 2011 ni jàǹbá tó ṣe Kubica lọ́ṣẹ́ ṣẹlẹ̀, ní Andora lórílẹ̀-èdè Ítálì, ó lọ fi Skoda Fabia sá rally kékeré kan, ìyẹn eré ìje mọ́tò tí wọ́n ń sá lójú títì lásán, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ní Valencia, níbi tí wọ́n ti ń dán mọ́tò Formula One tuntun wò, òun ló fi Renault sáré ju gbogbo wọn lọ. Mọ́tò lọ kọ lu irin ẹ̀gbẹ́ títì, irin yẹn gba iwájú wọlé bá a níbi tó jókòó sí, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ kù díẹ̀ kó já, ìgbọ̀nwọ́, èjìká àti ẹsẹ̀ kán. Bíi wákàtí méje ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Nígbà tó wá ń gbádùn bọ̀, ó yọ̀ ṣubú lórí yìnyín ní January 2012, ẹsẹ̀ yẹn tún kán!

Dókítà bá a so ọwọ́ yẹn padà lóòótọ́, àmọ́ kò ṣeé yí bó ṣe ń yí i tẹ́lẹ̀ mọ́. Mọ́tò Formula One sì há púpọ̀, kò sáyè téèyàn á fi gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè kó lè fi èjìká ran ọwọ́ lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tó fi kọ́kọ́ lọ sídìí rally tí inú mọ́tò ti fẹ̀ díẹ̀, ó sì gba ife WRC2, ìyẹn ìpele kejì nínú ìdíje rally àgbáyé, níbẹ̀ lọ́dún 2013. Nígbà tó máa fi padà sí Formula One, jíà ti di ti ọwọ́ òsì, òun fúnra ẹ̀ ní ọwọ́ òsì ń ṣe nǹkan bí 70 nínú 100 iṣẹ́ yẹn. Ẹ fi ọwọ́ kan àtààbọ̀ wa mọ́tò ní Monaco, níbi tí títì ti há tó sì kún fún kọ́nà, kẹ́ ẹ wò ó. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́.

Mi ò ní purọ́ fún yín, George Russell tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ Williams lọ́dún 2019 jù ú lọ ní gbogbo Sátidé tí wọ́n fi ń pinnu ẹni tó máa wà níwájú bí eré bá bẹ̀rẹ̀, ìgbà 21 nínú 21. Ṣùgbọ́n mọ́tò yẹn ò dáa rárá, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń wà, póìntì tí Kubica sì gbà ní Hockenheim lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ yẹn, òun nìkan ni Williams rí gbà ní gbogbo ọdún náà. Ṣé ẹ kọ ìyẹn?

Ohun tó tún ń ba iṣẹ́ awakọ̀ tó fara pa jẹ́ ni pé àga ẹ̀ kì í ṣófo. Niki Lauda, tó ń wakọ̀ fún Ferrari, jóná nínú eré ìje ní Nürburgring, nílẹ̀ Jámánì, ní August 1, 1976, àlùfáà ti wá gbàdúrà ìkẹyìn fún un, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀ ó ti dé eré ìje Monza ní Ítálì, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń yọ lára báńdéèjì orí ẹ̀ tó bá ṣí akoto, ó sì gba ipò kẹrin. Ferrari ti gba Carlos Reutemann sípò ẹ̀ ná, mọ́tò mẹ́ta dípò méjì ni wọ́n gbé jáde lọ́jọ́ náà! Lauda tún gba ife àgbáyé lọ́dún 1977 àti 1984. Felipe Massa, awakọ̀ Ferrari míì, ní tiẹ̀, irin tó já lára mọ́tò ẹlòmíì bà á lórí ní Hungary lọ́dún 2009, ó padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gba ipò kejì nínú eré àkọ́kọ́, síbẹ̀ kò borí mọ́ títí tó fi kúrò. Ti oníkálukú yàtọ̀, kò yẹ kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ kan gé gbogbo wọn.

Èyí tẹ́ ẹ fò pátápátá ni ti June 2025. Kubica, Yifei Ye àti Phil Hanson ló fi Ferrari nọ́ńbà 83 borí eré wákàtí 24 ní Le Mans nílẹ̀ Faransé, níbi tí awakọ̀ mẹ́ta ti ń gba mọ́tò kan wà lọ́wọ́ ara wọn, Kubica ló sì wà nídìí sítíárìn nígbà tí eré parí, ọdún 14 lẹ́yìn tí ọwọ́ yẹn fẹ́ já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ ìyẹn náà jáde, ojú ìwé kan náà tẹ́ ẹ gbé ti póìntì kan yẹn sí ni kẹ́ ẹ gbé e sí.

Èmi ni òǹkàwé yín láti Ìbàdàn.